Òjòwú Tó Lẹ́ran Láyà

Télọ̀ ni mí. Kí n tó fẹ́ ọkọ mi, mo ti kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n rán ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ méjì fún òun. Mo wọn apá òsì rẹ̀, mo wọn tọ̀tún, mo tún padà wọn tòsì, torí mo rò pé téèpù ló ń bá mi ṣeré. Apá ọ̀tún fi ìka méjì tóbi ju tòsì lọ. Mo bi í léèrè bóyá oyin ló ta á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ká apá náà kò, ẹran ibẹ̀ sì ga dìde. Ó ní, "Ìfági ló ṣe é. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń fá pákó." Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, kò sí aṣọ tí mo rán fún un tí apá ọ̀tún rẹ̀ kò fẹ̀ ju tòsì lọ. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Apá-Ọ̀tún. Èmi ń pè é ní Bàbá wa.

N kò ní fi ohun tó ń ṣe ọkọ mi pamọ́ fún yín. Owú ni. Kì í ṣe owú obìnrin o. Kò jowú mi rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ mo rẹwà nígbà náà, ó yẹ kó tiẹ̀ gbìyànjú díẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni ọkọ mi ń jowú. Bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá ló yàtọ̀. Bàbá yẹn ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́ lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Nígbà tí mo dé ilé wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, mo rí bí bàbá náà ṣe ń wo àbúrò níṣẹ́, tí ojú rẹ̀ á rọ̀, mo bá sọ àbúrò ọkọ mi ní Àyànfẹ́. Mo rò pé mo sọ ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ọjọ́ méjì gbáko ni ọkọ mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ wọn kò jọra. Ọkọ mi yára bí iná. Ojú pákó tí oníbàárà máa rí, ó máa ń fá a títí á fi máa dán gbinrin. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó máa kọjú sí ògiri ńkọ́? Ó ń fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe là á wá ni. Ó ní, "Ta ló fẹ́ lọ wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù?" Àyànfẹ́ ní tirẹ̀, tojú-tẹ̀yìn ló ń fá. Kí ó tó parí ilẹ̀kùn kan, ọkọ mi á ti ṣe méjì, á ti jókòó, á máa fẹsẹ̀ gbolẹ̀. Ó ń retí kí bàbá wọn sọ pé òun ni ọ̀gá. Bàbá kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, bàbá gbé ìfági rẹ̀, èyí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti pa dán fún ogójì ọdún, ó gbé e lé Àyànfẹ́ lọ́wọ́. Kò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó ṣubú sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀sán gangan, kò sì dìde mọ́. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ọkọ mi sunkún bàbá rẹ̀, mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sunkún ìfági yẹn náà, ẹkún ti ìfági ni kò sì dákẹ́.

Wọ́n pín ṣọ́ọ̀bù. Títì kan ló wà láàárín wọn. Ọkọ mi gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ síbi tí ojú rẹ̀ á ti máa tó ti àbúrò rẹ̀. Èmi náà gbé máṣíìnì mi sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi, nítorí ìmọ́lẹ̀, mo sì di ẹni tó ń wo ẹni tó ń wo àbúrò rẹ̀. Á máa kan ìṣó lọ, á dúró lójijì, á na etí. "Ṣé o gbọ́ ọ? Ìfági Bàbá nìyẹn." Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Pákó tí wọ́n ń fá ni mo ń gbọ́, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ láti àárọ̀.

Ó pé bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú bàbá kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọkọ mi. Ó fi ọ̀já di orí náà títí, kò gbọ́. Mo wọ́ ọ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wé aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lápá òsì, torí pé ti ọ̀tún kò wọ inú aṣọ náà, ó sì tún fi ìyẹn yangàn. Nọ́ńbà tó jáde kò ṣeé fi yangàn: ọgọ́sàn-án lórí àádọ́fà. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́, orí fọ́ o, orí kò fọ́ o. Wọ́n bi í nípa bàbá tó bí i, ó sọ bó ṣe kú. Wọ́n ní kó sọ fún gbogbo ọmọ bàbá náà kí wọ́n wá yẹ ara wọn wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọ̀rọ̀ yẹn fi wà lẹ́nu ọkọ mi kó tó fi sọdá títì. Àyànfẹ́ lọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ń ru. Nígbà tí ọkọ mi gbọ́, ó ju òòlù sílẹ̀. Ó ní, "Ìwọ náà rí i? Àìsàn lásánlàsàn, kò lè jẹ́ kí n dá a ní!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ilé ìwòsàn dá Ọjọ́rú kan lóṣù fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Gbogbo wọn á jókòó sórí àga gígùn kan lẹ́bàá fèrèsé, káàdì lọ́wọ́. Ìyá Nọ́ọ̀sì ló ń wọ̀n wọ́n. Obìnrin náà dáa, ṣùgbọ́n ó ní àṣà kan: kó tó kọ nọ́ńbà sínú káàdì, á kọ́kọ́ pè é sókè, gbogbo àga á gbọ́. Bó bá dára, á yìn ọ́. Bí kò bá dára, á kàn sọ pé "Hùn-ún," á sì kọ ọ́. Hùn-ún yẹn dun ọkọ mi ju orí fífọ́ lọ. Lóṣù kẹta, ó pe ti Àyànfẹ́: "Ogóje lórí àádọ́rùn-ún! Ẹ wo Bọ̀dá yìí o, ẹ fi í kọ́gbọ́n." Lẹ́yìn náà ló wé aṣọ mọ́ ọkọ mi: àádọ́sàn-án lórí ọgọ́rùn-ún. "Hùn-ún." Ìyàwó Àyànfẹ́, tó tẹ̀ lé ọkọ tirẹ̀ wá, sún mọ́ mi létí, ó ní, "Ìyá wa, ẹ máa bá wa rán Bàbá létí oògùn o. Ọkọ tèmi kì í gbàgbé." Ó sì fi ẹ̀rín kún un. Ṣé ẹ ti rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ̀rín tó wọ bàtà láti fi tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀.

Ọkọ mi kò gbàgbé oògùn rárá. Ó kórìíra rẹ̀ ni. Ó ní ó ń jẹ́ kí òun máa tọ̀ ní gbogbo ìgbà, pé bí òun ṣe ń sáré lọ sẹ́yìn ilé, bẹ́ẹ̀ ni Àyànfẹ́ ń sún mọ́ òun nínú iṣẹ́. Ó ní ó ń rọ òun lápá. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ó ta oúnjẹ nù, ó jókòó, ó ń wo òdìkejì títì. Lẹ́yìn náà ló dá ọgbọ́n tó fẹ́ pa á. Láti Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Ọjọ́rú ilé ìwòsàn, á máa lo oògùn láìfo. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò ní fọwọ́ kan ìfági, á jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní Ọjọ́rú, ẹ̀jẹ̀ á ti rọlẹ̀. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, oògùn á padà sínú dúrọ́ọ̀ títí di oṣù tó ń bọ̀.

Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. "Mẹ́rìnléláàádóje lórí ọgọ́rin!" Ìyá Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. "Ha, Bàbá! Ẹ̀yin lẹ wá lé iwájú báyìí o!" Àyànfẹ́ wà lórí ogóje rẹ̀ síbẹ̀, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ̀. Ojú ìyàwó rẹ̀ ni mo ń wò ní tèmi, mo rí bó ṣe rẹ̀ wẹ̀sì, inú mi sì dùn dé eegun.

Dúrọ́ọ̀ tí mo sọ yẹn, dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì ni oògùn yẹn wà. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣí i. Mo mọ̀. Ọdún méjì ni mo fi mọ̀, tí mo sì dákẹ́. Ẹ má wá àwáwí fún mi, n kò ní ọ̀kan. Mo fẹ́ kí káàdì ọkọ mi dára ju ti ọkọ obìnrin yẹn lọ, bó ṣe rí nìyẹn. Oṣooṣù ni mo ń wọ aṣọ mi tó dára jù lọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ara kì í gbọ́ ẹ̀tàn. Ọkọ mi gba iṣẹ́ fèrèsé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, mo gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀. Mo rí i láàárín àtẹ̀gùn, ó dúró, ó fọwọ́ pa ìdìmú àtẹ̀gùn bí ẹni tó ń wò ó bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Igi wo ló ń wò? Irin ni ìdìmú náà. Mo yíjú sẹ́yìn kí ó má baà mọ̀ pé mo rí òun.

Ìgbà tí ọdún kejì ń lọ sópin ni dókítà tuntun dé, ọmọbìnrin kan tí àkọ́bí mi lè pè ní àbúrò. Ó ní gbogbo ẹni tó bá ti pé ọdún méjì lórí àga yẹn gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọkàn. Wọ́n mú wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi nǹkan tútù kan pa wọ́n láyà, wọ́n ń fi ẹ̀rọ rìn lórí rẹ̀, ọkàn ń sún kì nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré. Wọ́n kọ nọ́ńbà sórí ìwé fún wọn, wọ́n ní dókítà yóò ṣàlàyé ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Ọkọ mi kò lè dúró de Ọjọ́rú. Ó bi ọkùnrin tó ń ya àwòrán pé kí ni nọ́ńbà yìí. Ọkùnrin náà ní bí ògiri ọkàn ṣe nípọn tó ni, ní mìlímítà. Ọkọ mi jáde sí wa tìjàtìjà. "Mẹ́rìndínlógún ni tèmi. Tìẹ ńkọ́?"

"Méjìlá ni, Ẹ̀gbọ́n," ni Àyànfẹ́ wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá gbẹ́nàgbẹ́nà gbé rí, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lójú wọn, pákó tó nípọn ni pákó. Èyí tó fẹ́lẹ́, òjò kan, oòrùn kan, ó ti ya. Ọkọ mi gbé ìwé yẹn rìn kọjá gbogbo àdúgbò. Ó fi han onígbàjámọ̀, ó fi han ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ó fi han oníbúrẹ́dì. "Ọkàn mi fi mẹ́rin nípọn ju ti àbúrò mi lọ." Onígbàjámọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kò yà òun lẹ́nu, pé ẹni tí apá rẹ̀ tóbi báyẹn, inú rẹ̀ náà á tóbi. Ọkọ mi wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Èmi náà rí ìyàwó Àyànfẹ́ níbi omi ẹ̀rọ, mo ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ti àwòrán?" Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín tèmi náà wọ bàtà.

Wọ́n máa ń sọ pé òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹni tó sọ ọ́ kò bá ọkọ mi pàdé.

Ní ọjọ́ kejì àwòrán, Àyànfẹ́ sọdá títì. Ó kí mi, "Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́," ó lọ dúró síwájú bẹ́ǹṣì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo wá kọ́ nǹkan lọ́wọ́ yín ni. Ọdún méjì ni mo ti ń lo oògùn, n kò fo ọjọ́ kan. Káàdì mi kò dára tó tiyín. Ọkàn mi kò nípọn tó tiyín. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Ẹ gbọ́, mo mọ ọkọ mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, àbúrò yẹn kò wá kọ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọ̀dọ̀ bàbá ló ń lọ. Mo rí i tí ojú rẹ̀ tàn, tó rọra gbé ìfági sílẹ̀, tó gún apá mọ́ ìbàdí. Ó ní, "Iṣẹ́ ni oògùn. Hóró tí wọ́n ń fún wa yẹn, ó ń rọ ọkùnrin ni. Fi í sílẹ̀. Fá pákó kí o làágùn, àìsàn á bá òógùn lọ. Ṣé o rí mi? Ta ló sọ fún ọ pé mò ń lo oògùn lójoojúmọ́?"

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ó burú. Kò sọ ti Ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́rú. Àyànfẹ́ ń mi orí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n." Ó yíjú sí mi bí ẹni tó fẹ́ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní mo la ẹnu mi nígbà náà, gbólóhùn kan péré ì bá tó. Mo tẹ máṣíìnì mi, mo tẹ̀ ẹ́ gan-an, ariwo rẹ̀ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà tó ń jowú, ọjà ló ń wò.

Ọjọ́rú dé. A jókòó sórí àga. Àyànfẹ́ kò wá. Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ mi ní, "Ojú ló ń tì í." Ìyá Nọ́ọ̀sì pe nọ́ńbà ọkọ mi sókè, ó dára bí ti àtẹ̀yìnwá, a bá wọlé bá dókítà pẹ̀lú ìgbéraga.

Dókítà gbé ìwé àwòrán sápá kan, ó gbé káàdì sápá kejì. Ó ń wò wọ́n. Ọkọ mi kò lè mú un mọ́ra, ó ní, "Ó nípọn dáadáa, àbí?"

"Ó nípọn jù, Bàbá," ni dókítà wí.

Ọkọ mi rò pé ó ń yin òun ni. Ó rẹ́rìn-ín. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo apá ọ̀tún rẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe tí apá yìí fi tóbi tó báyìí?" Nígbà tó gbọ́, ó mi orí. "Ẹ ṣeun. Ọkàn náà ẹran ni, bí apá yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, ọ̀nà tí ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ gbà máa ń le, ó sì ní láti máa fi agbára tì í. Ohun tó bá ń fi agbára ṣiṣẹ́, á nípọn. Ṣùgbọ́n apá yín, ẹ ń gbé ìfági sílẹ̀ kí ó sinmi. Ọkàn kì í gbé tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ báà sùn. Ẹran tó sì ń kó yẹn, ó ń há yàrá inú rẹ̀, ibi tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ wọ̀ sí. Ó ń le gan-an, kì í nà mọ́. Tó bá pẹ́ báyẹn, á rẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ máa ń dúró mí lórí àtẹ̀gùn?"

"Rárá," ni ọkọ mi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí.

Dókítà wo àwa méjèèjì. Ó ní, "Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Ọkàn yìí, ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lójoojúmọ́ ni. Káàdì yìí ní kò ru fún ọdún méjì. Bí káàdì bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé àìsàn mìíràn ló wà níbẹ̀, màá ní láti máa wá a kiri, oògùn tí mo bá sì fún yín lè má ṣe yín lóore. Bí káàdì bá ń purọ́, ẹ sọ fún mi nísinsìnyí. Ọkàn tó ti nípọn ṣì lè dín, bí ẹ̀jẹ̀ bá rọlẹ̀ tí kò sì gòkè mọ́."

Ọkọ mi ń wo káàdì náà. Mo mọ ohun tó ń rò. Ọdún méjì ìyìn, gbogbo àga tó ń gbọ́, ojú Àyànfẹ́. Bó bá la ẹnu, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Mo ṣàdúrà kó sọ ọ́, mo sì tún ṣàdúrà kó má sọ ọ́, torí ìyàwó Àyànfẹ́ yóò gbọ́. Mo sọ fún yín pé n kò ní àwáwí.

Dókítà fa ìwé kejì jáde. "Ti àbúrò yín nìyí. Kò wá lónìí? Tirẹ̀ kò le, ó hàn pé oògùn tó ń lò ń dáàbò bò ó. Ẹ bá mi sọ fún un kó má dá a dúró o. Tí ẹni bíi tirẹ̀ bá dá a dúró lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè fò sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ọkọ mi gbọ́ ìyẹn. Ó dìde. Ó di etí tábìlì mú, ó ní, "Dókítà, ojú pákó nìkan ni mo ń fá."

"Kí lẹ wí?"

"Ọjọ́ mẹ́rin lóṣù ni mò ń lò ó. Nítorí káàdì ni. Àbúrò mi ti dá tirẹ̀ dúró. Èmi ni mo ní kó dá a dúró."

A kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ọkùnrin tí kì í lè gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìdúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé títì wa. Mo ń tẹ̀ lé e, mo ń pè é pé kó rọra, kó má lọ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Láti ọ̀nà jíjìn ló ti ń na etí. Ó ní, "N kò gbọ́ ìfági."

Àyànfẹ́ wà nílẹ̀ láàárín èérún pákó, ó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Aṣọ rẹ̀ tutù fún òógùn. Ìfági bàbá wọn ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nà síbi tó wà, kò sì lè gbé e. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ẹnu tó ti wọ́ sí apá kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ń ṣe é bí ẹ ṣe wí. Ọjọ́ kẹfà rèé. Mo ń làágùn."

Onígbàjámọ̀ fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa padà sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wé aṣọ mọ́ Àyànfẹ́ lápá. Ìyá Nọ́ọ̀sì wo nọ́ńbà náà, ó kọ ọ́ sínú káàdì. Lọ́jọ́ yẹn, kò pè é sókè.

Kò kú. Ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹnu rẹ̀ ti padà sáyè, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀. Ìka mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kò dì mọ́ nǹkan mọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni ọkọ mi ti jẹ́wọ́ fún un, lójú èmi àti ìyàwó rẹ̀: Ọjọ́ Àìkú sí Ọjọ́rú, oṣù kan sí òmíràn, ọdún méjì. Kò fi nǹkan kan pamọ́, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bì.  Àyànfẹ́ ní kí ìyàwó òun lọ bá òun gbé ìfági Bàbá wá láti ṣọ́ọ̀bù.

Ó fi ọwọ́ òsì gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbà á. Ọjọ́ tí Bàbá fún mi, ó ní apá yín lágbára, pé ìfági tó kúnú pàápàá, ẹ lè fi fá pákó. Ó ní kí n máa lo èyí títí apá tèmi náà á fi rí bíi tiyín. N kò sọ fún yín nítorí mò ń jowú apá yẹn. Apá tèmi kò rí bíi tiyín rí."

Ọkọ mi kò nawọ́. Ó di ìgbà tó rẹ ọwọ́ òsì yẹn kó tó gbà á.

Ibẹ̀ ni ìyàwó Àyànfẹ́ ti yíjú sí mi. Kò pariwo. Ó ní, "Ìyá wa, ṣé ẹ̀yin mọ̀?" Mo wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn, mo mọ iye táìlì tó wà níbẹ̀ títí dòní.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Àràárọ̀ ni ọkọ mi ń sọdá títì lọ lo oògùn lójú àbúrò rẹ̀, kí àbúrò rẹ̀ lè rí i tó gbé e mì. Wọ́n tún ya àwòrán rẹ̀ lóṣù tó kọjá: mẹ́rìnlá. Kò fi ìwé náà han ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Ó ká a, ó fi í sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ó lọ síbi iṣẹ́ àbúrò rẹ̀, torí òun ló ń ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù méjèèjì báyìí. Àyànfẹ́ ń jókòó tì í, ó ń sọ fún un ibi tó kù.

Èmi ṣì ń jowú ìyàwó Àyànfẹ́. Kì í ṣe nítorí káàdì mọ́. Kò sí nǹkan kan tó wà nínú dúrọ́ọ̀ tirẹ̀ tó ń bà á lẹ́rù, mo sì ń jowú rẹ̀ fún ìyẹn.

Láti ìdí máṣíìnì mi, mo ń gbọ́ ìfági Bàbá. Mo ti mọ ohùn rẹ̀ yàtọ̀ wàyí. Ọkọ mi á fá ojú pákó tán, ìró á dá, á yí i padà, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá ẹ̀yìn. Ìyàwó Àyànfẹ́ náà ń gbọ́ ọ, níbi tó jókòó sí ní òdìkejì, tó kọjú sí mi. A máa ń kí ara wa láàárọ̀. Kò tíì bi mí ní ìbéèrè ilé ìwòsàn yẹn lẹ́ẹ̀kejì.